Akàn àti ìsáwùrú inú ọ̀sà: ṣé kí aboyún ṣì máa jẹ ẹ́?

Ìyàwó Bàríga: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún. Etí ọ̀sà ni ìyá ọkọ mi ti ń tajà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé akàn àti ìsáwùrú wá fún mi, wọ́n ní ọmọ inú ló ń jẹ ẹ́. Àbúrò mi tó wà ní London wá ní omi ọ̀sà Èkó ti kún fún òjé àti mákúrì, àwọn irin olóró, kí n má fẹnu kan ẹja kankan mọ́, títí kan Títù. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màmá tí wọn ò fi ní rò pé mo ń fojú di wọ́n?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Àwọn ará London yìí náà! Látìgbà tá a ti ń jẹ akàn, ta ló pa? Fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, sè é kó jiná, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ìyá mi, ẹ má bínú, kòkòrò àrùn niná ń pa, kì í pa òjé. Mákúrì ti wọnú ẹran ara ẹja. Ẹ sè é, ẹ yan án, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ tún béèrè pé ta ló pa. Ní Minamata, ní Japan, ilé iṣẹ́ Chisso da ẹ̀gbin tó ní mákúrì sínú òkun láti 1932 títí di 1968. Ẹja jẹ ẹ́, àwọn apẹja jẹ ẹja, ọ̀pọ̀ sì kú. Àwọn ìyá kan wà tára wọn le, àmọ́ tí ọmọ tí wọ́n bí kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀, torí mákúrì ń gba inú ibi ọmọ kọjá. N ò sọ pé Èkó ti dà bẹ́ẹ̀ o.

Àbúrò mi, má fi ẹja sílẹ̀, ọpọlọ ọmọ nílò ọ̀rá inú ẹ̀. Ẹja ńlá tó ń pa ẹja jẹ, tó sì ti pẹ́ nínú òkun, ni mákúrì ń pọ̀ lára ẹ̀, irú àkùràkudà. Mackerel tí wọ́n ń kìlọ̀ fún aboyún lókè òkun, king mackerel ni, ẹja gbàǹgbà kan. Títù wa kọ́ nìyẹn. Máa jẹ Títù, ṣáwá, agbódo, èpìyà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ní ti akàn àti ìsáwùrú, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti mú wọn. Odò Ìyá Aláró ń gba omi ilé iṣẹ́ Ìkejà àti Ìlúpéjú kó tó já sínú ọ̀sà. Òjé kì í léfòó, inú ẹrẹ̀ ló ń rọ̀ sí, inú ẹrẹ̀ yẹn náà sì ni akàn àti ìsáwùrú ti ń wá oúnjẹ. Ojú ò lè rí i, imú ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀. Nǹkan rẹ́súrẹ́sú inú ìkarahun akàn, tá a máa ń fìka họ jẹ yẹn (ó dùn, mo mọ̀), ibẹ̀ ni cadmium, irin olóró míì bí òjé, ń pọ̀ sí jù.

Àǹtí Boston: Ẹ̀ ń sá fún akàn, tìróò ńkọ́? Níbí, ní 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló kan. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé fún un, ló fà á. Òjé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ìyàwó Bàríga: Yé! Màmá ti ra tìróò sílẹ̀ de ọmọ!

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n má sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé májèlé ni wọ́n ń gbé wá o! Ọkọ ẹ ni kó bá wọn sọ ọ́. Kó ní àwọn nọ́ọ̀sì ló ní kó o máa jẹ ṣáwá àti agbódo, kí wọ́n bá ẹ ṣa èyí tó dáa. Inú wọn á dùn, wọ́n ṣáà ń gbé nǹkan wá náà ni.

Ìyàwó Bàríga: Ọkọ mi ti pè wọ́n. Wọ́n gbà lórí ẹja, wọ́n ní agbódo ń bọ̀ ní Sátidé. Tìróò ni wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n béèrè bí wọ́n ṣe máa mọ èyí tí kò lójèé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Wọn ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n má lé ìkankan fún ọmọ.