Ta ni mo máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó fi ìtàn màmá omíyalé Ògùnpa ṣe fíìmù?

ọmọ_Bẹẹrẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, omíyalé Ògùnpa ti 31 August 1980 yẹn ká wọn mọ́lé pẹ̀lú ọmọ àwọn alájọgbé wọn mẹ́ta, wọ́n wá fi ọ̀já so wọ́n mọ́ irin wíńdò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà di irin mú títí omi fi fà. Ọ̀já kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo ti fọwọ́ kàn án, ó ti ṣá, ibi tí wọ́n ti ta á ní kókó ṣì ká jọ. Mo ti ń kọ skírípìtì ẹ̀. Àmọ́ ìwé ìròyìn kan ti gbé ìtàn yìí nígbà kan, bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣe fíìmù wá ní ọwọ́ wọn ni kí n ti lọ ra ẹ̀tọ́ ẹ̀, ẹlòmíì ní nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé ò lólúwa, kí n sáà máa yà á lọ. Èwo ni kí n gbà báyìí?

lọ́yà_Mọ́kọ́lá:
Omíyalé yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wa ti 2022 kì í dáàbò bo nǹkan tó ṣẹlẹ̀, bí èèyàn ṣe kọ ọ́ ló ń dáàbò bò, torí náà àfi tẹ́ ẹ bá kó ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn yẹn sínú skírípìtì yín lẹ máa fi gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Tẹ́nu màmá lẹ bá gbọ́, kò kàn wọ́n. Ti màmá gan-an ló le, wọ́n ṣì wà láyé, abala 37 ìwé òfin 1999 fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí ilé wọn, tí fíìmù bá sì sọ wọ́n di ohun tí wọn ò jẹ́, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ san owó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní option, kí màmá má baà fún ẹlòmíì fún bí ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀ tẹ́ ẹ máa fi wówó. Owó gidi di ìgbà tí kámẹ́rà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí àsìkò bá pé tí ẹ ò rówó, ìtàn padà sọ́wọ́ wọn. Kí gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé o, torí iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ra fíìmù yín máa bèèrè ìwé àṣẹ láti ìpìlẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn náà ti dàgbà, ẹ wá wọn lọ.

Ìyá_Ìbejì:
Àbúrò, jẹ́ n sọ ti bàbá mi fún ẹ. Pródúsà kan gbé ìwé òyìnbó wá bá wọn, wọ́n fún wọn ní 20,000 náírà, bàbá tẹ̀ka sí i. Ìgbà tí fíìmù jáde la rí i pé wọ́n ti sọ wọ́n di ọ̀mùtí, bàbá tí ò fẹnu kan ọtí rí láyé ẹ̀! Odidi oṣù mẹ́ta ni wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé o máa ka skírípìtì fún màmá létí kó o tó yà á, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́.

lọ́yà_Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun ìyá wa, ó dùn mí. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí ò mọ̀wé wà o, ẹni tó kọ ìwé fún wọn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara ẹ̀ sí i, kó sì kà á fún wọn lédè tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹ jẹ́ kí màmá ní lọ́yà tiwọn, tó yàtọ̀ sí tiyín, kẹ́ ẹ bá wọn san owó ẹ̀.

ọmọ_Bẹẹrẹ:
Mo dúpẹ́ gidi gan-an. Mo lọ sọ́dọ̀ màmá lánàá, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bèèrè owó. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní ọmọ kẹrin wà, pé ọ̀já ni ò tó, àti pé àwọn ò sọ ọ́ fún akọ̀ròyìn yẹn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọnú fíìmù àfi tí ìyá ọmọ náà bá gbà. Ìyá yẹn ń gbé ní Mọ́níyà báyìí, Sátidé ni mò ń lọ bá wọn.