Irú agbẹjọ́rò wo ni kí n mú fún ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń kọra wa sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ti dé ilé ẹjọ́.

Agbẹjọ́rò kan ní dandan ni kí òun gbà wọ́n fún mi, pé bàbá wọn ò ní fojú kàn wọ́n mọ́. Ìlérí yẹn bà mí lẹ́rù. Ire ọmọ ni adájọ́ ń wò, ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìdájọ́? Àwọn ọmọ sì fẹ́ràn bàbá wọn. Èkejì ní ká kọ́kọ́ gbìyànjú ìlàjà, ká kọ àdéhùn wa sílẹ̀ fún adájọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn, àmọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń ṣe.

Ṣé kí n mú un bẹ́ẹ̀, àbí kí n wá ẹni tó mọ ẹjọ́ ìdílé dunjú? Kí ló yẹ kí n bi í kí n tó sanwó? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ san owó tiyín ni, àbí ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan?