Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ ọdún tó burú náà sínú ìwé ìrántí mi?

Ẹ̀yin ará, òkun o. Mopa ni mo ti ń kọ̀wé. N óò pé 50 ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Aṣọ ẹbí làwọn ọmọ ń sọ. Èmi fẹ́ jókòó ka ọjọ́ mi ni, bí Sáàmù 90 ṣe wí.

Mo ra ìwé kan tí mo fẹ́ máa kọ àwọn ọdún ayé mi sí. Mo kọ 1991 síbẹ̀, ọdún tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, torí ọdún náà ni mo ṣèrìbọmi. Mo kọ ìgbéyàwó, mo kọ àkọ́bí. Ìgbà tó kan ọdún tí bàbá wọn kú, bírò ò lọ mọ́. Ojú ìwé yẹn ṣófo títí di òní, àfi ibi tí tíì dà sí.

Pásítọ̀ wa ní kí n fò ó, kí n kọ oore nìkan. Kò tíì yé mi. Òkúta 12 tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kó nínú odò Jọ́dánì nínú Bíbélì, ṣebí kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtàn rẹ̀ ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú èyí rí, kí lẹ kọ sí ọdún tẹ́ ẹ bínú sí Ọlọ́run? Ṣé ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín kà á?