Android 8.1: Location wà ní pípa, síbẹ̀ ápù ń mọ àdúgbò. Ibo ló ń gbà?

OtigbaTunse

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fóònù Android 8.1 Go ni, RAM 1GB, security patch rẹ̀ (àtúnṣe ààbò tó gbà kẹ́yìn) jẹ́ ti 2019. Location wà ní pípa pátápátá. A kò fún ápù tí mò ń sọ yìí láṣẹ Location; mo fi adb, irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún fóònù láti orí kọ̀ǹpútà, wò ó, àṣẹ dumpsys package sì sọ pé ACCESS_FINE_LOCATION àti ACCESS_COARSE_LOCATION jẹ́ granted=false. Síbẹ̀, bí fóònù bá ti wà lórí Wáìfáì ṣọ́ọ̀bù kan ní Balógun, ápù náà á kọ "Lagos Island" sókè, á sì to àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó wà nítòsí, èyí tó sún mọ́ jù lọ níwájú. Bí a bá pa Wáìfáì tí a lo détà, "Lagos" lásán ló ń kọ.

Ṣé àlébù Android ni àbí ti ápù? Kí la sì lè ṣe fún oníbàárà tí kò lówó fóònù tuntun?

AdunniYaba

Ọ̀gá mi, ìdáhùn ti wà nínú ohun tí ẹ kọ. Lórí Wáìfáì ó mọ àdúgbò, lórí détà ó mọ ìlú nìkan: a jẹ́ pé GPS kọ́ ló ń kà, ráútà ló ń kà. Gbogbo ráútà ló ní BSSID, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà, tí kò jọ ti ráútà mìíràn. Ráútà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kì í rìn. Àwọn àkójọ ńlá sì wà tó so irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà lórí máàpù. WiGLE jẹ́ ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ápù tó bá ti rí BSSID kò nílò GPS mọ́.

Ibi tó ti ń rí i rèé. Bí Wáìfáì bá so tàbí tó bá já, Android á kéde rẹ̀ fún gbogbo ápù tó ń tẹ́tí. Ìkéde méjì ló kàn wá: android.net.wifi.STATE_CHANGE àti android.net.wifi.p2p.THIS_DEVICE_CHANGED. Ṣáájú Android 9, èkíní ń gbé BSSID ráútà dání, èkejì ń gbé MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ Wáìfáì, ti fóònù fúnra rẹ̀. Àwọn olùwádìí ààbò tó ń jẹ́ Nightwatch Cybersecurity ló tú àṣírí rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. CVE-2018-9489 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlébù náà mọ̀. Kò sí àṣẹ kankan tí ẹ lè fi dù ápù ní ìkéde yẹn. Ó tún jẹ́ irú ìkéde tó máa ń dúró de ẹni tó pẹ́ dé: ápù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí Wáìfáì ti so ṣì máa bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pípa Location kò fi ràn án, torí bọ́tìnì yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ìkéde Wáìfáì rárá.

Nítorí náà, Android ló ní àlébù, ápù ló sì mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Kò yẹ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan bo ti èkejì.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni security patch. Wọ́n á rí 2019, wọ́n á ní ó ti kọjá 2018, a ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú Android 9 ni Google ti dí ihò yìí. Wọn kò mú àtúnṣe náà padà wá sórí 8.1 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀. Android version ni kí ẹ wò, ẹ fi déètì patch sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ tan USB debugging, ẹ so fóònù mọ́ Wáìfáì, kí ẹ tẹ èyí:

adb shell dumpsys activity broadcasts > ikede.txt

Fáìlì náà máa gùn gan-an. Ẹ wá android.net.wifi.STATE_CHANGE nínú rẹ̀. Lórí 8.1, ẹ ó rí bssid= tí nọ́ńbà ráútà gan-an tẹ̀ lé e. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ráútà ṣọ́ọ̀bù náà: ó lè fi díẹ̀ yàtọ̀ níparí, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé òun ni.

KolaSurulere

Ẹ ṣeun, àǹtí Àdùnní. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé Android 9 ti parí ọ̀rọ̀. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /proc/net/arp. Ibẹ̀ ni fóònù ń kọ MAC ráútà sí kó lè bá a sọ̀rọ̀, ápù èyíkéyìí ló sì lè kà á títí dé Android 9. Android 10, tó jáde ní 2019, ló ti ilẹ̀kùn /proc/net mọ́ wọn.

Ọ̀nà kẹta ni fọ́tò. Bí kámẹ́rà bá ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán sínú fọ́tò, ápù tó ní àṣẹ Storage nìkan lè kà á jáde láìbèèrè Location. Android 10 ló fi àṣẹ ACCESS_MEDIA_LOCATION ṣọ́ ìyẹn. Lórí fóònù tí Android rẹ̀ bá kéré sí 10, ẹ wọ Settings kámẹ́rà, ẹ pa Save location. Àwọn fọ́tò àtijọ́ ṣì gbé e dání o, pípa á kò nu tiwọn.

Iṣẹ́ ìwádìí ICSI, ilé ìwádìí kọ̀ǹpútà kan ní Berkeley, lọ́dún 2019 wo ápù bíi 88,000. Ó ju 1,000 nínú wọn tó ń gba ohun tí oníbàárà ti kọ̀ fún wọn. Fáìlì ARP yìí àti fọ́tò wà lára ọ̀nà tí wọ́n bá.

OmoIsaleEko

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé VPN ò lè bo èyí? Láptọ́ọ̀pù ńkọ́?

KolaSurulere

VPN ò ràn án. IP, àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì yín tí sáfà ápù ń rí, ni VPN ń pààrọ̀. Inú fóònù ni ápù ti ka BSSID, á sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yòókù. VPN kàn máa bá a gbé e dé ibẹ̀ ni.

Ti láptọ́ọ̀pù tilẹ̀ burú jù. Ní Windows 10, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ netsh wlan show networks mode=bssid. Gbogbo ráútà tó wà nítòsí ló máa tò jáde, pẹ̀lú agbára síginà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkéde Android kò sọ ju ráútà tí ẹ so mọ́ lọ. Níbí, mẹ́wàá lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tìgbà, agbára síginà wọn á sì tọ́ka sí ibi tí ẹ jókòó sí. Ètò tí ẹ bá fi sórí kọ̀ǹpútà lè bèèrè ohun kan náà láìgba àyè lọ́wọ́ yín.

Windows 11 version 24H2 ni Microsoft ti wá so ó mọ́ àṣẹ Location. Ẹ lọ sí Settings > Privacy & security > Location, ẹ wò ó bóyá "Let desktop apps access your location" wà ní pípa. Ẹ̀yin tó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ètò tí ẹ fi ń wọn síginà bá ń sọ access denied lẹ́yìn 24H2, ẹ má tú káàdì Wáìfáì rẹ̀, kò bàjẹ́. Ẹ tan bọ́tìnì yẹn, ẹ ṣe iṣẹ́ yín, ẹ pa á padà.

AdunniYaba

Ó ku ti oníbàárà tí kò lówó. Ohun tó dára jù ni kí ẹ yọ ápù náà kúrò, kí ó máa lo wẹ́ẹ̀bù rẹ̀ nínú Chrome. Wẹ́ẹ̀bù kò lè gbọ́ ìkéde Android, kò sì lè ka /proc; tó bá fẹ́ mọ àdúgbò tí ó wà, ó di dandan kó bèèrè. "Add to Home screen" á jẹ́ kó rí bí ápù lójú rẹ̀.

Bí kò bá ṣeé yọ, kí ó Force stop rẹ̀ kó tó so Wáìfáì, kí ó sì máa ṣí i lórí détà nìkan. Bí ó bá ń lo MiFi tó ń gbé kiri, ó sàn ju ráútà ògiri lọ, ṣùgbọ́n MiFi tó ń sùn sílé lálaalẹ́ á padà di mímọ̀ sí ilé náà.

Ẹ má bá a fi ROM mìíràn (Android tí ẹlòmíràn tún ṣe) sí i. RAM 1GB kò ní gbé e dáadáa, ápù báńkì púpọ̀ sì máa kọ fóònù tí a ti ṣí bootloader rẹ̀ (títì tí kì í jẹ́ kí a pààrọ̀ Android rẹ̀). Tó bá di pé ó fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó má gba èyí tí Android rẹ̀ bá kéré sí 10. 12 ló dára jù, torí ó lè yan Approximate, tó ń fi ibi tó wà hàn láàárín nǹkan bíi 3 km² nìkan. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò fìyàtọ̀ sáàárín Balógun àti Ìdúmọ̀tà.

Tó bá jẹ́ ápù ẹ̀yáwó ni, ẹ mọ̀ pé láti 31 oṣù karùn-ún 2023 ni òfin Play Store ti ka ACCESS_FINE_LOCATION léèwọ̀ fún wọn. Èyí tó bá bèèrè rẹ̀, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn nínú Play Store, kí ẹ sì yọ ọ́.

Ẹni tó ni ráútà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí ó fi _optout_nomap parí orúkọ Wáìfáì rẹ̀, kí Microsoft àti Google má bàa fi ráútà náà sínú àkójọ ibi tiwọn. Microsoft ń bọ̀wọ̀ fún _optout níbikíbi nínú orúkọ, ṣùgbọ́n ìparí pátápátá ni Google ń wá _nomap. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 32 lọ, àfikún yìí sì jẹ́ 13, ó ku 19.

OtigbaTunse

Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí. Bssid= wà nínú ikede.txt, ó sì bá ti ráútà mu. Orúkọ Wáìfáì ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ lẹ́tà 22, wọ́n á gé e kù. Ráútà náà ní 2.4GHz àti 5GHz. Ṣé ọ̀kan tó?

AdunniYaba

Kò tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní BSSID tirẹ̀. Ẹ fi sórí méjèèjì, ẹ sì wò ó bóyá guest network (Wáìfáì àlejò) wà ní títàn, torí ìyẹn náà ní tirẹ̀. Gbogbo fóònù tó wà lórí rẹ̀ máa já, wọ́n á tún pásíwọ́ọ̀dù tẹ̀, torí náà ẹ ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ọjà.