Wọ́n ṣe ìpààrọ̀ stem cell fún àbúrò mi, ẹ̀rù kòrónà ń bà mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ara ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n ti gba stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀) fún àbúrò mi obìnrin nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 68 rèé. Ó dìgbà tí oṣù 3 bá pé kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, nítorí àwọn abẹ́rẹ́ tó ti gbà ṣáájú ìpààrọ̀ yìí kò ṣeé gbójú lé mọ́. Oògùn tacrolimus tó ń lò, kí sẹ́ẹ̀lì tuntun má baà gbógun ti ara rẹ̀, tún ń dín agbára ìdènà àrùn rẹ̀ kù.

Lánàá, ọmọ mi ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ikọ́. Àbúrò mi ti nawọ́ láti gbé e kí n tó pariwo. Ó rọra fa ọwọ́ padà, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ojú tó fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi. Àyẹ̀wò kò rí kòrónà lára ọmọ náà, síbẹ̀ àyà mi ò balẹ̀.

Ṣé kí n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fúngbà díẹ̀ ni, àbí ìbòmú àti fèrèsé ṣíṣí tó? Bí àbúrò mi bá sì ṣèèṣì kó kòrónà, mo gbọ́ pé Paxlovid, oògùn kòrónà, máa ń jẹ́ kí tacrolimus pọ̀ jù lára. Kí ni wọ́n lò fún ẹni tiyín?