Orin fíìmù wo ni kò kúrò létí yín?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Èmi tí mo bèèrè ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi. Faransé ni gbogbo fíìmù tí a ń wò nílé wa, ìyá wa àgbà kò sì gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe Once Upon a Time in the West lórí tẹlifísọ̀n, ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà ni wọ́n ti máa ń pariwo pé, "Onífèrè ti dé o!" Ọkùnrin tó ń fọn fèrè ẹnu (hàmóníkà) nínú fíìmù náà kò sì tíì yọ sí àwa tí a jókòó tì í! Ennio Morricone ló ṣe orin yẹn, ní 1968. Ó ti ṣe é tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ya fíìmù, Sergio Leone tó darí fíìmù náà sì ń gbé e sí i kí àwọn òṣèré máa gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Abájọ tí ìrìn wọn fi ń bá orin lọ. Wọ́n lè fi Faransé rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, fèrè ò ní Faransé.

Àyàn, Kétu: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Black Panther ni tèmi, ti 2018. Inú fóònù la ti ń wò ó, bàbá wa ń fa ọsán ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò tilẹ̀ bojú wò wá. Ṣàdédé ni wọ́n dáwọ́ dúró: "Ta ni wọ́n ń fi ìlù pè yẹn?" Ọba inú fíìmù náà ni, T'Challa. Ludwig Göransson, ará Sweden, ló ṣe orin náà. Ó lọ bá olórin Baaba Maal ní Senegal, wọ́n jọ rìn káàkiri, ó sì mú tama, ìlù abẹ́ apá tó fara jọ gángan tiwa, ó fi ṣe ti ọba. Fèrè Fúlàní ló fún Killmonger, ọ̀tá ọba náà. Wọ́n fún Göransson ní Oscar ní 2019. Bàbá ní ìlù náà sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kàkàkí Òyìnbó tó wọlé tẹ̀ lé e ti pọ̀ jù. Bí a bá ń kí ọba, ẹlòmíì a máa dákẹ́. Mo gbà fún wọn. Àwọn àbúrò mi ò gbà.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà ńkọ́? Orin inú rẹ̀ á ti sọ ẹni tó máa kú kí onítọ̀hún tó jẹun tán! Gbogbo ènìyàn ń bú u, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń gbé e sí i ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, ojú mi á wà lára aṣọ, n kò ní pàdánù nǹkan kan. Orin ìyàwó tí ẹbí ọkọ lé jáde kan wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ látòkè délẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí orúkọ fíìmù náà mọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o. Ta ló ti wo Dahomey, fíìmù tí Mati Diop ṣe lórí ẹrù ọba 26 tí ìjọba Faransé dá padà fún Benin ní 2021? Wally Badarou wà lára àwọn tó ṣe orin rẹ̀. Kò ṣeé súfèé, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ wá bá mi sọ ọ́.