Bọ́tìnnì tí ọwọ́ màámi lè dè

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Oṣù mẹ́rin ni mo fi hun kádígáànì màámi. Nígbà tí mo sì ti ní mo parí, bọ́tìnnì ló jẹ́ kí n tún tú gbogbo ìgbátí iwájú rẹ̀ palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ti lo oṣù Kejìlá rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ọyẹ́ wa. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun mọ́lẹ̀. Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìró méjì ló máa ń ró léra wọn láàárọ̀, á tún fa ìborùn dé etí, síbẹ̀ á ṣì máa gbọ̀n títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní n ó hun nǹkan tó lè wọ̀ sórí bùbá rẹ̀, tí kò ní máa bọ́ọ̀lẹ̀ bó bá nawọ́ mú nǹkan.

Abala márùn-ún ni: ẹ̀yìn, iwájú méjì, apá méjì. Àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ ni. Irun àgùntàn gidi ni òwú náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó pọ̀ lọ́jà wa, òwú oníke ni, bó o bá ṣe hun ún náà ló máa rí, omi ò lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n irun àgùntàn, bó o bá rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ojú ìhun tó rí ségesège á tò wá sílà. Mo rẹ abala kọ̀ọ̀kan fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mi ò fún un bí a ti ń fún aṣọ, aṣọ ìnura ni mo ká a sí, mo wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí omi fi jáde. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú yàrá, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo fi píìnì kan etí rẹ̀ mọ́ ẹní yí ká. Ohun tí ì bá gbà tó ọjọ́ méjì nígbà òjò, ọyẹ́ gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó pèrun Alásárì. Àfi eruku rẹ̀ nìkan ni. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi bò ó kí gbogbo rẹ̀ má baà di pupa.

Mo rán an pọ̀, mo fi abẹ́rẹ́ ki ẹnu òwú kọ̀ọ̀kan wọnú ìhun. Mẹ́tàlélógún ni mo kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo hun ìgbátí iwájú, mo sì dá ihò bọ́tìnnì méje sí i. Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn, torí mi ò tíì ra bọ́tìnnì kankan. Ihò kékeré tí gbogbo èèyàn ń dá ni mo dá: hun ojú méjì pọ̀, yí òwú lé abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ihò ló wá ń yan bọ́tìnnì fún mi.

Mo ká kádígáànì náà sínú ọ̀rá, ó di ọjà Tàkí. Ìyá tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì níbẹ̀ da oríṣiríṣi sílẹ̀ fún mi lórí àtẹ. Mo to àwọn aláwọ̀ igi sórí rẹ̀, wọ́n ṣókùnkùn jù. Mo to àwọn aláwọ̀ góòlù, ó wá dà bí aṣọ àwọn tó ń fọn fèrè. Ìgbà tí mo to àwọn funfun kéékèèké tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyá náà pàtẹ́wọ́: "Ọmọ mi, èyí ló gbé e yọ!" Òótọ́ ló sọ, ó gbé e yọ. Mo ra mẹ́jọ, mo rán méje sí i, mo sì rán ìkẹjọ sínú nísàlẹ̀ de ọjọ́ tí ọ̀kan bá já.

Àárọ̀ ọjọ́ Kérésì ni mo gbé e fún màámi. Wọ́n súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n wọ̀ ọ́, ó bá wọn mu léjìká, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n wá mú bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ó yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún mú un, ó tún yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa báyìí, kí atẹ́gùn ráyè wọlé." Atẹ́gùn wo? Nínú ọyẹ́? Kí n má baà bínú ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi píìnì kan de iwájú rẹ̀ ní àyà, wọ́n sì fi ọwọ́ kan di ìyókù mú. Ó dùn mí wọra. Oṣù mẹ́rin, mi ò wo ọwọ́ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó tì wọ́n, mo gba ọwọ́ wọn mú. Oríkèé ìka ti wú, làkúrègbé ti tẹ àtàǹpàkò òsì sínú. Mo ní, "Màámi, aṣọ wo lẹ ń dè fúnra yín?" Wọ́n ní kí n lọ mú gáùnù ìgbà ayé bàbá mi wá. Bọ́tìnnì rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ nípọn. Ó sì lọ sókè díẹ̀ lára aṣọ, ìka ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n dè é lójú mi láìwò ó.

Ìgbátí yẹn ni mo tú, alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tún un hun. Dípò méje, márùn-ún. Èyí tó wà lókè pátápátá, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò ní ọrùn, torí apá wọn kì í fẹ́ gòkè. Ihò tuntun fẹ̀: mo pa ojú mẹ́ta dé ní ìlà kan, mo sì dá mẹ́ta padà ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Nǹkan mìíràn tún wà. Aṣọ obìnrin, apá ọ̀tún ni ihò ń wà, bọ́tìnnì á wà lápá òsì. Ọwọ́ òsì màámi ló ń dùn wọ́n jù, mo bá gbé ihò sí òsì bíi ti ọkùnrin, kí ọwọ́ ọ̀tún lè máa ti bọ́tìnnì wọlé. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní mo ti sọ aṣọ ìyá mi di ti ọkùnrin. Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Bọ́tìnnì wá ńkọ́? Kí n tó dá ihò ni mo ti ní in lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbéyàwó kan ló gbé mi dé Ọ̀yọ́ ní oṣù Kíní, mo bá yà sọ́dọ̀ bàbá afíngbá kan lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán. Mo ní igbá ni kí wọ́n gé sí bọ́tìnnì fún mi. Bàbá ní rárá, igbá fúyẹ́, etí rẹ̀ á máa rún bó bá ń kan omi lóòrèkóòrè. Èèpo àgbọn ni wọ́n mú. Wọ́n gé márùn-ún, wọ́n lu ihò méjì méjì sí i, wọ́n sì ha etí rẹ̀ títí kò fi gbé òwú mọ́, torí etí tó bá mú yóò gé irun àgùntàn ni. Òróró àgbọn ni mo fi ń pa á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú rẹ̀ pọ́n ju àwọn yòókù lọ, èyí tí màámi fẹ́ràn jù nìyẹn.

Bí mo ṣe rán an: igi ìṣáná ni mo fi lé orí bọ́tìnnì, mo rán òwú kọjá lórí rẹ̀, mo fa ìṣáná yọ, mo wá yí òwú mọ́ abẹ́ bọ́tìnnì títí ó fi ní ọrùn. Mo fi bọ́tìnnì pẹlẹbẹ kékeré kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, torí ìhun rọ̀, bọ́tìnnì tó wúwo lè fà á ya.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ni mo dé ilé wọn láàárọ̀, wọ́n wà níwájú ilé, wọ́n ń bu ògì. Wọ́n ti de márààrún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni bọ́tìnnì ti fojú yín rí?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á dá màmá sí. Òfì ni tèmi. Ọkọ mi ní gbáríyẹ̀ ẹtù kan tó ti gbó, mo gé ibi tó ṣì dára níbẹ̀, mo fi bo bọ́tìnnì mẹ́fà lójú. Kádígáànì náà funfun bíi wàrà, ẹ ò rí bó ṣe rẹwà tó! Ṣé ẹ mọ̀ pé aró ni wọ́n fi ń pa ẹtù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ̀ ọ́, aró ṣí, òrùka búlúù mẹ́fà yọ sí iwájú aṣọ. Mo rẹ ẹ́, mo rẹ ẹ́, kò lọ. Òwú búlúù ni mo fi rán òdòdó yí òrùka kọ̀ọ̀kan ká. Sányán ni mo fi bo bọ́tìnnì báyìí. Sányán gidi, bí òwú rẹ̀ ṣe wá náà ni wọ́n ń hun ún, a kì í rẹ ẹ́ láró. Ẹ rẹ àlòkù òfì sómi lọ́tọ̀ ná kí ẹ tó fi kan irun àgùntàn.

Ọmọ LAUTECH:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ mà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kan ní ilé tí mò ń gbé jẹ bọ́tìnnì já lára kádígáànì tí mo hun fún un. Ìyá rẹ̀ tètè rí i lórí ahọ́n rẹ̀, ó yọ ọ́. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Okùn kúkúrú tí a ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà ni mò ń hun sí ti ọmọ ọwọ́ báyìí, mi ò jẹ́ fi í sí ọrùn. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá afíngbá yẹn lè gé méje fún mi? Ti súwẹ́tà ara mi ni.

Èsì mi:
Wọ́n á gé e, ọmọ mi. Mò ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ihò tí o fẹ́ dá, kí o sọ ọ́ fún mi.